Bí Mo Ṣe Kọ́ Ọmọ Mi ní Iṣẹ́ Wíwá

Aṣọ funfun ni mo wọ̀ lọ wá iṣẹ́ ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ mọ́ bá mi ní ìlú Oǹdó. Láti ilé ni mo ti fọ̀ ọ́, mo ká a sínú ọ̀rá kí eruku má baà bà á jẹ́, mo sì yá áyọ́ọ̀nù kí n tó jáde. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí mo ti wá, ẹni tó bá fẹ́ tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbà kì í wọ aṣọ iṣẹ́ lọ. Bí o bá wọ aṣọ iṣẹ́ dé iwájú rẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé ó di dandan kó gbà ọ́, ìwọ̀sí sì ni. Aṣọ rẹ tó mọ́ jù ni wàá wọ̀. Wàá kí i, wàá bèèrè àlàáfíà ilé rẹ̀, wàá sì dúró títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi bi ọ́ pé kí lo bá wá.

Oríta kan ni wọ́n júwe fún mi ní Oǹdó, níbi tí àwọn bíríkìlà àti lébìrà ti ń dúró láàárọ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti páànù wọn. Ẹni tó ń kọ́lé á dé, á nawọ́ sí ẹni tó wù ú, wọ́n á jọ lọ. Mo dúró láàárín wọn. Wọ́n nawọ́ sí ẹni tó wà lọ́tùn-ún mi, wọ́n nawọ́ sí ẹni tó wà lósì mi. Ojú gbogbo wọn ń fò mí kọjá bí ẹni pé òpó iná ni mí.

Ọ̀kan nínú àwọn lébìrà wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyàwó lẹ wá fẹ́ níbí ni?"

Èkejì dá a lóhùn pé, "Fi wọ́n sílẹ̀. Pásítọ̀ ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ gbàdúrà fún ṣọ́bìrì wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé àlejò tí kò bá lè bá wọn rẹ́rìn-ín ti di ọ̀tá. Bíríkìlà àgbà kan wà níbẹ̀ tó ń ṣa àwọn tí yóò bá a lọ síbi iṣẹ́. Bàbá Fọlá ni wọ́n ń pè é. Ó súnmọ́ mi.

"Ìwọ aláṣọ funfun, kí lo lè ṣe?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, bàbá. Ẹ ó máa kọ́ mi ni."

Ó mi orí, ó sì nawọ́ sí ẹlòmíràn.

Ìdáhùn tí mo fún un yẹn, ní ìlú wa, ìdáhùn ọ̀gá ni. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan ló máa ń sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Àgbà tó bá gbọ́ "ẹ ó máa kọ́ mi" á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì mọ̀ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ ló dúró síwájú òun. Mo padà sí ilé tí mo sùn sí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbà mí, n kò sì mọ ohun tí mo ṣe tí kò dára. Mo tún lọ lọ́jọ́ kejì, mo tún sọ ọ́, wọ́n tún fò mí. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e ni Bàbá Fọlá dúró, tó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Ọmọ yìí, iṣẹ́ wo lò ń ṣe kí o tó wá síbí gan-an?"

"Táìlì ni, bàbá. Láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń lẹ̀ ẹ́."

"Táìlì! Kí ló dé tí o ò ti sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá, ṣé èèyàn á máa yin ara rẹ̀ níwájú àgbà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di fìlà rẹ̀ mú. Ó ní, "Níbí, ọ̀rọ̀ tí o bá sọ nípa ara rẹ la ó fi mú ọ. Máa bọ̀. Bọ́ aṣọ ìgbéyàwó yẹn ná."

Mo ń kọ èyí fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa tó rò pé nítorí pé Yorùbá ni wọ́n, ilé ni wọ́n ń lọ. Kí ẹ tó bèèrè iṣẹ́ níbikíbi, ẹ kọ́kọ́ wo bí àwọn tó ń rí iṣẹ́ níbẹ̀ ṣe ń bèèrè rẹ̀. Ẹ wo aṣọ tí wọ́n wọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìwà tí ìyá yín kọ́ yín dára, ẹ má sọ ọ́ nù, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé òun gan-an ló ń tì yín sẹ́yìn.

Mo rò pé èdè kò ní yọ mí lẹ́nu. Yorùbá ni ìyá mi fi bí mi, Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé, Bíbélì Yorùbá ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń ka Yorùbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Oǹdó bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ńṣe ni mo máa ń jókòó láàárín wọn bí ẹni tí omi wọ etí rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n gbọ́, wọ́n á yí i padà sí Yorùbá ilé-ìwé fún mi, wọ́n á máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bu oúnjẹ fún ọmọdé. Bí èmi náà bá la ẹnu, wọ́n á ní, "Yorùbá wo lẹ̀ ń sọ yìí?" Mo máa ń ní Yorùbá Ṣábẹ̀ẹ́ ni. Wọ́n á wo ara wọn. Níkẹyìn wọ́n ń pè mí ní Àgànyìn, orúkọ tí wọ́n fi ń pe gbogbo ẹni tó bá ti ẹnubodè ìwọ̀-oòrùn wá, ìbáà jẹ́ Èwé, ìbáà jẹ́ Ègùn, ìbáà jẹ́ èmi. Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ pé "Àgànyìn ló mọ táìlì lẹ̀ jù" náà ni wọ́n ṣe ń sọ pé "ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, Àgànyìn wà níta."

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní, obìnrin ni, Àṣàkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fi í sí nígbà tí mo ń kúrò nílé, eyín rẹ̀ iwájú ti yọ, òmíràn kò tíì hù. Ó bá mi gbé ọ̀kan nínú àpò mi dé etí títì.

Ó bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ̀ ń lọ wá?"

"Iṣẹ́."

"Níbo lẹ ti sọ ọ́ nù?"

Mo ní mo ń bọ̀ wá mú un ní kété tí mo bá ti rí i. Ohun tí mo sọ nìyẹn, òun sì ni mo ń wá láti ọjọ́ náà. Kì í ṣe iṣẹ́ lásán. Iṣẹ́ tí yóò jẹ́ kí ọmọ mi lè máa gbé lọ́dọ̀ mi ni.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í tètè yá. Ẹni tó ń lẹ táìlì, inú ilé tí kò tíì parí ló ń sùn. Bí ilé bá ti parí, onílé á kó wọlé, ìwọ á sì kó jáde lọ sínú ilé mìíràn tí kò ní fèrèsé. Mo ti sùn ní yàrá tó dára ju ti mínísítà lọ ní Oǹdó, lórí bẹ́bà sìmẹ́ǹtì, tí ẹ̀fọn ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹ sọ fún mi ibi tí èèyàn máa gbé ọmọbìnrin sí níbẹ̀, láàárín àwọn ọkùnrin tí èèyàn kò mọ ìdílé wọn.

Ohun tó tún ń dènà mi ni onídùúró. Níbí, iṣẹ́ tó bá ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́, wọn kò ní fún ọ láìjẹ́ pé ẹnìkan wá dúró fún ọ, ẹni tí wọ́n mọ ilé rẹ̀, tí wọ́n lè lọ bá bí o bá ṣe ohun tí kò tọ́. Ta ni yóò dúró fún Àgànyìn? Bàbá Fọlá ló kọ́ mi. Ó ní a kì í bá onídùúró ní ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀, pé ńṣe ni à ń gbìn ín. Ó mú mi lọ sí ilé rẹ̀, ó fi mí han ìyàwó rẹ̀. Ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó fi mí han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ níbi gbogbo: "Ẹ wo ojú ọkùnrin yìí dáadáa. Bí ẹ bá rí i lọ́la, ẹ kí i." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn èèyàn náà ń kí mi lọ́nà, wọ́n sì ń bi mí bóyá mo lè wá wo balùwẹ̀ wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, ẹ má dúró sílé kí ẹ máa retí ìpè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ojú yín kí ọ̀rọ̀ tó kan ọwọ́ yín. Bí wọ́n bá fún yín ní iṣẹ́ ọjọ́ kan, ẹ ṣe é bí ẹni pé onílé ń wò yín láti ojú fèrèsé. Bí kò bá sí iṣẹ́, ẹ lọ kí ẹni tó fún yín ní èyí tó kọjá, kí ẹ má sì bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Iṣẹ́ gbé Bàbá Fọlá wá sí Àkúrẹ́, mo bá a wá. Ilé ńlá kan ní àdúgbò Ìjàpò ni. Balùwẹ̀ òkè ni mo wà ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ti da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, mo ti ta okùn tí táìlì yóò tọ̀, nígbà tí fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ó ní, "Ara ọmọ ń gbóná. Láti àárọ̀ ló ti ń pè ọ́. Kò jẹun."

"Ẹ ti gbé e lọ sí ọsibítù?"

"A wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí a dúró. Ṣé kí n gbé fóònù sí i létí?"

Sìmẹ́ǹtì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí mo bá jáde, ilẹ̀ náà á le, wọ́n á ní láti gbẹ́ ẹ, Bàbá Fọlá ni wọn yóò sì bínú sí. Mo há fóònù sáàárín etí àti èjìká, mo sì ń lẹ táìlì lọ. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo ní, "Àṣàkẹ́, èmi ni." Ó ní, "Bàbá, ẹ wá." Mo ní mo ń bọ̀. Mo gbé táìlì kan, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo fi irin wò ó bóyá ó tẹ́jú. Mo ní mo ń bọ̀, màá tètè dé. Mo lẹ ilẹ̀ náà tán. Ó tẹ́jú. Kò sí ibì kan tí omi lè dúró sí nínú rẹ̀ títí dòní. Ara ọmọ náà yá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, láìsí èmi níbẹ̀. Nígbà tí mo tún pè, ó dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àgbàlagbà: "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ara mi ti yá." Kò sọ pé kí n wá mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Bí mo bá lọ sílé lọ́dún Kérésì, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pè ní Ìyá. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni mo máa ń béèrè, òun náà á sì fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn. Ìgbà kan wà tí wọ́n ti ẹnubodè, tí n kò lè lọ rárá. Nígbà tí mo padà lọ, ó ti ga dé èjìká mi. Ó gbọ́ mi tí mo ń bá ará ilé wa kan sọ̀rọ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ bí ará Nàìjíríà!" Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni lójú rẹ̀. Èmi, mo jókòó síbẹ̀, mo ń rò ó pé ní Àkúrẹ́ Àgànyìn ni mí, ní Ṣábẹ̀ẹ́ mo ti di ará Nàìjíríà, bóyá ojú ọ̀nà nìkan ló kù tí mo ti jẹ́ ọmọ onílùú.

Iṣẹ́ tí mo ń wá dé níkẹyìn. Màmá Dúpẹ́, tó ń ta táìlì ní Àkúrẹ́, nílò ẹni tí yóò máa jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, tí yóò lè sọ fún oníbàárà irú èyí tó yẹ kó rà àti iye páálí tí ilẹ̀ rẹ̀ yóò gbà. Mo ti ń bá a ra ọjà tipẹ́. Nígbà tí mo gbọ́, mo wọ aṣọ tó mọ́, torí ibi yìí gba aṣọ tó mọ́, mo sì lọ.

"Àgànyìn, kí ló dé? Táìlì ti tán lọ́wọ́ rẹ?"

"Rárá, mà. Mo gbọ́ pé ẹ ń wá ẹni tí yóò máa tajà. Mo mọ̀ ọ́n. Mo lè wo yàrá kí n sọ ohun tó máa gbà, mo lè ka ìwé, mo lè ṣírò, n kì í pẹ́ débi iṣẹ́."

Ó wò mí. "Ẹnu rẹ ti mú o. Ta ló kọ́ ọ?"

"Oríta Oǹdó ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní, "Ṣọ́ọ̀bù mi ní kọ́kọ́rọ́. Ta ni onídùúró rẹ?"

Bàbá Fọlá, tó ti padà sílé, wọ ọkọ̀ wá láti Oǹdó pẹ̀lú agbádá ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó jókòó, ó mu omi, ó bèèrè ọkọ àti àwọn ọmọ màmá náà, kó tó sọ̀rọ̀ mi. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí ebi ń pa á, mo sì mọ̀ ọ́n nígbà tó yó. Ẹni kan náà ni." Wọ́n gbà mí.

Mo gba yàrá méjì ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́yìn Àkúrẹ́, ní àgbàlá tí àwọn onílé jẹ́ tọkọtaya tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò sí ọmọkùnrin tó ń ta gìtá lójú ọ̀nà. Mo ti wo gbogbo rẹ̀: ilẹ̀kùn tó tì dáadáa, fèrèsé tó ní irin, kànga tó ní ìdérí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé, kọ́kọ́rọ́ ilé wà lápò mi. Mo máa ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́nà kí n lè mọ̀ pé ó ṣì wà. Mo tọrọ àwọn táìlì tó ti fọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, mo gé wọn, mo fi wọ́n lẹ ilẹ̀ yàrá kejì, oríṣiríṣi àwọ̀, kò sí méjì tó bára mu. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Àṣàkẹ́ lórí fóònù. Ó ní ó máa dára gan-an. Ó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà, ó ti kọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ní kí òun wá iṣẹ́ díẹ̀ ṣe ná ní Pàràkú, ìlú ńlá ní Bẹ̀nẹ̀ tí òun àti Ìyá ti kó lọ, kí ọwọ́ òun má baà dilẹ̀, títí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò náà yóò fi yanjú. Mo ní ó dáa.

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, èmi àti ọmọ mi.

Kí n tó sọ ìyókù, ẹ jẹ́ kí n sọ pé bàbá tó ń bẹ̀rù ni mí. Mo mọ̀. Mo bi í léèrè orúkọ àdúgbò tí ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà, bóyá iná wà lójú ọ̀nà, ta ni ọ̀gá, ṣé ó ní ìyàwó. Nígbà tí ọkùnrin kan tó ní òun ń wá ẹni tí yóò máa ta oògùn ní kó wá ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní òtẹ́ẹ̀lì, mo pariwo débi pé oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù gbé páálí rẹ̀ sílẹ̀.

"Má lọ! Iṣẹ́ wo ló wà ní òtẹ́ẹ̀lì fún ẹni tó fẹ́ ta oògùn?"

"Bàbá, mi ò lọ. Mo kàn ń sọ fún yín ni."

"Ẹni tó bá ní kí o sanwó kó tó fún ọ ní iṣẹ́, má lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí rẹ gangan lọ́wọ́ rẹ, ẹ̀dà ni kí o fún un. Mú Ìyá lọ kí o lọ wo ibẹ̀ ní ọ̀sán kí ọjọ́ rẹ tó pé."

"Bàbá, ṣé kí n gbé Ìyá sápò ni?"

Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Mo jókòó sórí páálí táìlì, inú mi sì dùn débi pé mo ní kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Ilé oògùn kan ní Pàràkú pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọn kò gbà á. Mo bi í ní ohun tí wọ́n bi í, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní wọ́n bi òun bóyá òun lè fi kọ̀ǹpútà ṣírò ọjà.

"O mọ̀ ọ́n, àbí?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní àwọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n jù, kí wọ́n máa kọ́ mi."

Mo rántí oríta Oǹdó. Ẹ̀jẹ̀ mi ni.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọ̀sán Àìkú lẹ́yìn ìsìn la fi ń kọ́ ọ. Èmi ni ọ̀gá ilé oògùn, òun ni Àṣàkẹ́. Mo máa ń yí ohùn padà.

"Ta nìyẹn? Kí lo lè ṣe?"

"Ẹ káàsán, sà. Mo lè—"

"Ẹni tó bá ń wo ilẹ̀ ni mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ yìí. Gbé ojú sókè."

"Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ilẹ̀ ni mò ń wò?"

"Mo mọ̀. Àti pé 'sà' kọ́, ọ̀gá obìnrin ni mí lónìí."

Ẹ̀rín á mú un, ẹ̀rín á mú èmi náà. Mo kọ́ ọ láti sọ ohun tó ti ṣe rí dípò ohun tó fẹ́ gbìyànjú. Bí kò bá mọ nǹkan kan, kó sọ pé òun kò tíì mọ ọ́n, kó sì sọ ìgbà tí òun kọ́ irú rẹ̀ kíákíá. Kí òun náà béèrè: ìgbà wo ni wọ́n ń ṣí, ìgbà wo ni wọ́n ń tì, ta ni yóò máa tọ́ òun sọ́nà. Kó dúpẹ́ kó tó jáde, kó sì padà lọ kí wọn bí wọn kò bá tilẹ̀ gbà á. Lójoojúmọ́ ni mo ń retí ọjọ́ Àìkú. Gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ bàbá rẹ̀, ìgbà yẹn ni mo jẹ́ ẹ jù.

Ilé oògùn náà tún pè é. Ó ti padà lọ kí wọn bí mo ṣe sọ, wọ́n sì rántí ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, mo dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí ariwo kò sí, a ti kọ́ gbogbo rẹ̀ tán, mo fẹ́ súre fún un.

Ó ní, "Bàbá, ó ku ìbéèrè kan. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń bi í."

"Kí ni?"

"Wọ́n ní àwọn á kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ tán, á wá kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Nàìjíríà. Wọ́n á bi mí bóyá mi ò ní kúrò. Kí ni kí n sọ?"

Mo ní, "Sọ òtítọ́."

Ó ní, "Kí ni òtítọ́ náà, Bàbá?"

Nígbà náà ni mo mọ̀ pé èmi bàbá rẹ̀ ló ń bi, kì í ṣe ọ̀gá ilé oògùn. Mo lè sọ fún un pé kó ní òun á ṣe é fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí a ti jọ ń sọ láti kékeré rẹ̀ nìyẹn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Wọn kò ní gbà á. Á wá bá mi ní Ọ̀bà-Ilé, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan.

"Ṣé o fẹ́ iṣẹ́ náà?"

"Ibẹ̀ dára, Bàbá. Wọ́n ní àwọn á rán mi lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Ìyá náà ò sì lágbára mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo ń fa omi báyìí." Ó mí. "Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n wá, màá wá."

Àwọn ọmọ ìjọ ń kọjá, wọ́n ń kí mi pé mo kú ìsinmi. Mo fọwọ́ dá wọn lóhùn.

Mo ní, "Dìde dúró."

"Mo ti dúró."

"Gbé ojú sókè. Èmi ni ọ̀gá." Mo yí ohùn mi padà. "Ọmọ yìí, a ti kọ́ àwọn kan rí, wọ́n kó ẹrù wọn lọ. Ṣé ìwọ náà ò ní kúrò?"

"Rárá, mà. Mi ò ní kúrò."

"Ohùn rẹ ń gbọ̀n. Wọn ò ní gbà ọ́ gbọ́. Tún un sọ."

"Mi ò ní kúrò, mà."

"Ó ṣì ń gbọ̀n, Àṣàkẹ́."

Ó tún un sọ. Mo ní kó tún un sọ. A ṣe é bẹ́ẹ̀, èmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Àkúrẹ́, òun nínú yàrá Ìyá rẹ̀, títí tí ohùn rẹ̀ fi dúró ṣinṣin. Nígbà tó sọ ọ́ kẹ́yìn, èmi gan-an gbà á gbọ́.